Òṣùmàrè Lára Àpò Màmá

Àlàájà Ràdíátù, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá, wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ sọ́dọ̀ Gafar ọmọ rẹ̀ ní Kubwa, kí wọ́n lè bá a tọ́jú orúnkún rẹ̀. Ọjọ́ tó dé gan-an ló ti là á mọ́lẹ̀: ọmọ tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì bá òun sọ̀rọ̀, kó máa retí èsì lẹ́nu ògiri. Balkis, ọmọ Gafar, tí wọ́n bí sí Àbújá, tí etí rẹ̀ gbọ́ Yorùbá ju bí ẹnu rẹ̀ ṣe lè sọ ọ́ lọ, bá sọ fóònù di olùkọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́, ó yọ́ gbé àpò Màmá wọ yàrá, ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwú hun òṣùmàrè kékeré kan tó fẹ́ rán bo ibi tó ya lára àpò náà. Màmá jí lójú oorun ní pálọ̀, ó bá ẹrù ara rẹ̀ nínú láílọ́ọ̀nù lórí àga.

MÀMÁ: Balkis! Balkis o!

BALKIS: (láti inú yàrá) Mà!

MÀMÁ: Olè ti jà nílé yìí, o ò gbọ́?

BALKIS: (ó sáré jáde) Olè? Níbo?

MÀMÁ: Olè ọmọlúàbí ni, ṣá. Ó gbé àpò lọ, ó fi tẹ̀sùbáà àti pákò sílẹ̀ fún mi. Ó tiẹ̀ ta láílọ́ọ̀nù náà ní kókó kí nǹkan má baà dà nù. Àwọn olè Àbújá lajú o.

BALKIS: Kì í ṣe olè, Màmá. Èmi ni. Èmi ni mo kó ẹrù yín.

MÀMÁ: Ìwọ lo kó ẹrù mi.

BALKIS: Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Nítorí abúlé.

MÀMÁ: Nítorí kí ni?

BALKIS: Abúlé. Mo fẹ́ ṣe abúlé fún yín. Abúlé kékeré, tó rẹwà.

Màmá rọra jókòó. Ó wo láílọ́ọ̀nù. Ó wo Balkis. Ó tún wo láílọ́ọ̀nù.

MÀMÁ: Ògbómọ̀ṣọ́ ló wá di abúlé. Kubwa di ìlú. Kubwa tó jẹ́ pé kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo yín á ti tú jáde bí eèrà, ẹ ó máa lé bọ́ọ̀sì kiri lójú títì torí pé ibòmíràn niṣẹ́ wà. Ìyẹn nìlú!

BALKIS: (ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ọ̀rọ̀ náà ò yé e) Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ máa fẹ́ràn abúlé yìí.

MÀMÁ: N ó fẹ́ràn rẹ̀? Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí! Mo ti fẹ́ràn rẹ̀ kí bàbá rẹ tó mọ igi tó ń jẹ́ àga. Ta ló rán ọ?

BALKIS: Kò sẹ́nì kankan, mà. Èmi fúnra mi ni mo máa rán an.

MÀMÁ: Rán ta ni?

BALKIS: An.

MÀMÁ: Mo jókòó síwájú rẹ, o ń pè mí ní "an". Ó dáa. Ìgbà wo ni wàá rán "an"?

BALKIS: Lónìí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́. Kò ní pẹ́ rárá.

MÀMÁ: Ẹ ò tiẹ̀ ní í jẹ́ kí n dúró de oúnjẹ alẹ́. Ẹ kú ìṣọ́ra. Ìrẹsì á ṣẹ́kù fún yín.

BALKIS: Kai, Màmá! Ìrẹsì wà! Ẹ fẹ́ jẹun báyìí?

MÀMÁ: Jókòó síbẹ̀ kí o dá mi lóhùn. Kí lẹ fẹ́ ṣe gan-an? Là á mọ́lẹ̀ fún mi, àgbà kì í bẹ̀rù òótọ́.

Balkis fa fóònù yọ, ó ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ bí ọmọ tó ń ka ẹ̀kọ́ níwájú tíṣà.

BALKIS: Mo fẹ́… lé e.

MÀMÁ: Lé e!

BALKIS: Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo máa lé e dáadáa. Tí mo bá ti lé e, kò ní lè kúrò mọ́ láé.

MÀMÁ: Wàá lé mi, mi ò sì ní lè kúrò? Yan ọ̀kan nínú méjèèjì, Balkis, kí n lè mọ irú bàtà tí mo máa wọ̀.

BALKIS: (inú rẹ̀ ń dùn pé ìjíròrò ń lọ ní pẹrẹu) Yauwa!

MÀMÁ: Gafar ńkọ́? Bàbá rẹ mọ̀ sí i?

BALKIS: Dádì mọ̀. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tó yẹ ká ti ṣe é.

MÀMÁ: Gafar ọmọ mi? Gafar tí mo pọ̀n títí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń wọ́lẹ̀ lẹ́yìn mi?

BALKIS: Wọ́n ní ó ti gbó jù. Ó ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní ojú máa ń ti wọ́n tí wọ́n bá rí i nílé ìwòsàn níwájú àwọn èèyàn.

Màmá gbá àtẹ́lẹwọ́ mọ́ àyà.

MÀMÁ: Ó ti gbó! Ó ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́! Gafar, o ṣeun. Níbo ló ti ya, jọ̀ọ́? Orúnkún ló ń dùn mí o, ẹ̀gbẹ́ mi ò ṣe nǹkan kan.

BALKIS: Ibi tó ya ò tóbi, Màmá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n bò ó.

MÀMÁ: Kí ẹ bò mí! Mo ṣì ń mí o! Ẹ tiẹ̀ dúró kí wọ́n kírun sí mi lára ná!

BALKIS: (ó wò yí ká) Ìrun? Wọ́n ti pe ìrun?

MÀMÁ: Ìyá rẹ ńkọ́? Ó dájú pé Misturah á ti lọ́wọ́ sí i.

BALKIS: Mọ́mì? Mọ́mì ló ra owú.

MÀMÁ: Ló ra kí ni?

BALKIS: Owú. Owú tó pọ̀. Ọjà Utako ni wọ́n ti rà á.

Màmá dìde dúró. Orúnkún rẹ̀ ké, kò dá a lóhùn.

MÀMÁ: Mo mọ̀! Láti ọjọ́ tí mo ti ní iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀ rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé Misturah ń jowú mi. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ọjà ló ti ń rà á. Èyí tó wà nínú rẹ̀ ò tó o ni?

BALKIS: Kò tó, mà. Èmi ni mo lò ó tán.

MÀMÁ: Ìwọ náà ń lò ó?

BALKIS: Lójoojúmọ́! Tí mo bá ti mú owú lọ́wọ́ báyìí, ọkàn mi á kàn balẹ̀. Mo tiẹ̀ ń kọ́ àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ànú ti mọ̀ ọ́n dáadáa, ó jù mí lọ gan-an.

MÀMÁ: Aúsù bìlláì! Wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ owú sílẹ̀ ní Kubwa. A ò mọ̀ nílé. A kàn rò pé ìwé lẹ wá kà.

BALKIS: Ẹ má bínú, Màmá, sàpìráìsì ni mo fẹ́ ṣe fún yín. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe máa rí. Ó ní àwo méje.

MÀMÁ: Àwo?

BALKIS: Àwo pupa, àwo yẹ́lò, àwo búlúù, àwo bí ewé… Gbogbo rẹ̀ máa wà lára àpò yín.

MÀMÁ: Ẹ tún ra àwo fún mi. Àánú yín pọ̀. Ẹ rò pé ewé la fi ń jẹun lábúlé, àbí? Tí wọ́n bá bi mí nílé pé kí ni Àbújá fún mi, n ó ní orúnkún ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n ẹ wá wo àwo.

BALKIS: Wọn ò ní lè ṣe kí wọ́n má wò ó! Ó máa tàn gan-an!

MÀMÁ: Kí tiẹ̀ lorúkọ ètò yìí? Ohun tí wọ́n bá ti fi owú dì báyìí, kò lè ṣàìlórúkọ.

Balkis tún bojú wo fóònù. Ó ń pe ọ̀rọ̀ náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

BALKIS: O… ṣù… máa… rè.

MÀMÁ: Oṣù máa rè.

BALKIS: Bẹ́ẹ̀ ni, mà! Oṣù máa rè!

MÀMÁ: Kí oṣù tó rè, èmi á ti rè.

Balkis pàtẹ́wọ́ pé Màmá pè é dáadáa. Ó kúnlẹ̀, ó ti orí bọ abẹ́ àga, ó ń wá nǹkan kan níbẹ̀. Màmá fa fóònù tirẹ̀ yọ, ó pe Sùlàímọ́nù, awakọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó máa ń kó èrò lọ sílé láti Utako.

MÀMÁ: (sínú fóònù) Sùlàímọ́nù? Èmi ni. Ṣé mọ́tò yín ti kún?… Fi àyè kan sílẹ̀ fún mi níwájú… Èmi nìkan ni… Ẹrù? Láílọ́ọ̀nù kan, àti àwọn àwo kan tí wọ́n fi ń lé mi… Rárá, kò sẹ́ni tó kú. Owú ni. Misturah ló rà á lọ́jà… Mo ní ó rà á! Utako níbẹ̀ yẹn náà, bóyá ẹ tiẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tó ń ná an lọ́wọ́.

BALKIS: (láti abẹ́ àga) Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ikọ́ mi. Ó sọnù.

MÀMÁ: (ó pa fóònù) Ikọ́ rẹ sọnù.

BALKIS: Mo ní ikọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mò ń lò ó ní yàrá, mo gbé ẹrù yín wá síbí, ni mi ò bá rí i mọ́.

MÀMÁ: Alihamudulilahi. Àwọn ẹlòmíràn ń mu oògùn lóríṣiríṣi kí tiwọn tó lọ. Ìwọ ń wá tìrẹ lábẹ́ àga.

BALKIS: Ikọ́ tó dáa ni, mà. Beatrice tó wà ní kíláàsì wa ló fún mi.

MÀMÁ: Beatrice ló kó ikọ́ ràn ọ́. O sì kí i pé ó ṣeun?

BALKIS: Mo kí i dáadáa. Ó tún fún Ànú níkan.

MÀMÁ: Ọ̀làwọ́ ọmọ.

BALKIS: Màmá, ẹ ẹ́ sì rọra jókòó o. Bí ẹ bá jókòó lé ikọ́ yẹn, ó máa gún yín nídìí.

Màmá, tó ti fẹ́ jókòó kó lè wọ bàtà, gbé ìdí sókè lójijì.

MÀMÁ: Ikọ́ tó ń gún èèyàn nídìí! Ìyẹn kì í ṣe ikọ́ mọ́, Balkis. Irú ìyẹn ni wọ́n ń kéde lórí rédíò pé kí oníkálukú jókòó sílé ẹ̀.

Ó wọ bàtà lóòró. Ó wé gèlè. Ó fi híjáàbù borí. Ó mú láílọ́ọ̀nù rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí Balkis yọ orí jáde lábẹ́ àga, ẹsẹ̀ Màmá ló kọ́kọ́ rí, ó sì ti kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

BALKIS: Màmá, ibo lẹ ń lọ?

MÀMÁ: Mò ń rè. Gbé àpò mi wá.

BALKIS: Kò tíì parí.

MÀMÁ: Gbé e wá bẹ́ẹ̀. Ó ti gbó, ó ti ya, kò burú, bíi ti olówó rẹ̀ náà ni. A jọ wá ni, a ó jọ lọ.

Balkis wọlé, ó gbé àpò náà jáde. Ó jẹ́ àpò dúdú kan bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tó ti ya tẹ́lẹ̀, nǹkan kékeré kan tí abẹ́rẹ́ gún mọ́ ọn wà níbẹ̀ tó tẹ̀ bí ọrun, tó ní pupa lókè, tí ọsàn àti yẹ́lò tẹ̀ lé e, tí ewéko, búlúù àti aró wà nísàlẹ̀. Fọ́nrán òwú àlùkò kan ṣì rọ̀ sílẹ̀ lára rẹ̀. Màmá fi ìka méjì mú fọ́nrán náà.

MÀMÁ: Kí nìyí?

BALKIS: Owú ni, mà.

MÀMÁ: (ó gbé fọ́nrán náà sókè) Èyí. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Kí lo pè é?

BALKIS: Owú. Tí Mọ́mì rà.

MÀMÁ: Òwú! Òwú, ọmọ yìí! Òwú lèyí tí èèyàn ń hun. Owú lèyí tí ìyàwó ń jẹ!

BALKIS: Owú… owú. Kí wá ni ìyàtọ̀ wọn?

MÀMÁ: Ọ̀kan ń rán aṣọ, ọ̀kan ń ya á mọ́ni lọ́rùn! Kí ló dé tí o ò kàn sọ pé wúùlù? Ta ni ò mọ wúùlù?

BALKIS: Ẹ ní ẹ ò fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì.

MÀMÁ: Ta ló sọ fún ọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wúùlù? Ìyá tó bí mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan, wúùlù ló fi hun fìlà fún mi. (Ó tọ́ka sí òṣùmàrè náà.) Èyí tó wà níbí ńkọ́? Kí lo pe èyí?

BALKIS: (ẹ̀rù ti ń bà á) Abúlé?

MÀMÁ: Àbùlẹ̀!

BALKIS: Àbú… lé.

MÀMÁ: Àbùlẹ̀! Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ aṣọ! Ṣé "lẹ̀ ẹ́" lo fẹ́ ṣe, tí o ń sọ pé o fẹ́ lé mi? Ta ló kọ́ ọ ní Yorùbá burúkú yìí?

BALKIS: Fóònù ni. Wọn ò fi àmì kankan sí i lórí. Bí mo ṣe rí i ni mo ṣe pè é.

MÀMÁ: Àìfi àmì sórí ọ̀rọ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi dé Lọ́kọ́ja yìí!

Ìgbà yẹn ni Balkis ṣẹ̀ṣẹ̀ wo híjáàbù, ó wo bàtà, ó wo láílọ́ọ̀nù tó wà lọ́wọ́ Màmá. Ojú rẹ̀ yí padà.

BALKIS: Màmá… ẹ rò pé a ń lé yín lọ?

MÀMÁ: Rárá o. Mo kàn rò pé ẹ fẹ́ rán mi, kí ẹ lé mi, kí ẹ bò mí, kí ẹ sì kó àwo lé mi lórí. Kí ni mo fẹ́ rò mọ́?

BALKIS: (omijé bọ́) Ẹ má lọ. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má lọ.

MÀMÁ: Gbọ́ bó ṣe já gaara lẹ́nu rẹ! Kò sí àṣìṣe kan níbẹ̀. Ṣé ẹkún ló mọ àmì ohùn ni?

Ó jókòó, ó fi láílọ́ọ̀nù sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀.

MÀMÁ: Wò ó, gbogbo yín ń jáde láàárọ̀, èmi àti ògiri la jọ ń wo ara wa. Tí ẹ bá dé lálẹ́, Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ láàárín ara yín. Èèyàn á máa rò pé òun ni wọ́n ń sọ. Ìdí tí mo fi ní mi ò fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Kò sí ìjà kan láàárín èmi àti Gẹ̀ẹ́sì.

BALKIS: A kì í sọ̀rọ̀ yín, mà. Ọ̀rọ̀ iná ìjọba la sábà máa ń sọ.

MÀMÁ: Ẹ ẹ́ máa sọ ọ́ sókè. Inú á jọ máa bí wa.

Fóònù Màmá dún. Sùlàímọ́nù ni.

MÀMÁ: (sínú fóònù) Wá ẹlòmíràn sí àyè yẹn, Sùlàímọ́nù… Mi ò lọ mọ́… Rárá, Misturah ò ra nǹkan kan! Wúùlù ló rà… Ta lo ti sọ fún?… Gbogbo mọ́tò? Sùlàímọ́nù, ṣé ọkùnrin ni ọ́ báyìí? Lọ bá mi tún un sọ fún wọn kí ẹ tó gbéra! (Ó pa á.) Kí wọ́n tó dé Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n á ti ní Misturah ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta owú.

BALKIS: (ó nu ojú) Tí mo bá rí ikọ́ mi, mo lè parí rẹ̀ báyìí.

MÀMÁ: Ìkọ́. Ìkọ́! Ṣé irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ ni?

BALKIS: Bẹ́ẹ̀ ni, mà!

MÀMÁ: Tó ní ìdí pupa?

BALKIS: Òun ni! Ẹ rí i?

MÀMÁ: Ó gún sínú irun rẹ lókè níbẹ̀ yẹn. Láti ìgbà tí o ti ń ti orí bọ abẹ́ àga ni mo ti ń rí i. Mo rò pé fáàrí Àbújá ni.

Balkis fa ìkọ́ yọ nínú irun. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Màmá, ó fi òwú àlùkò parí òṣùmàrè náà, ó sì fi abẹ́rẹ́ rán etí rẹ̀ mọ́ àpò yí ká. Màmá ń wo ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó parí, Màmá gbé àpò náà sórí itan, ó ń fi àtàǹpàkò pa á lára.

MÀMÁ: Ọwọ́ rẹ mọ Yorùbá ju ẹnu rẹ lọ. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó jẹ́ òṣùmàrè? Dúdú náà wà tó ì bá bá a mu.

BALKIS: Dúdú ló fa wàhálà, mà. Gbogbo àwọn màmá tó ń wá sílé ìwòsàn ló ní àpò dúdú. Lọ́jọ́ kan, ẹ gbé ti màmá kan bọ̀ wálé. Mọ́mì ló lọ dá a padà, tí wọ́n ń bẹ màmá náà. Dádì wá ní ojú yín ti ń ṣe bàìbàì. Mo ní kí n fi nǹkan tó ń tàn sára tiyín kí ẹ lè máa dá a mọ̀.

MÀMÁ: Gafar ní ojú mi ń ṣe bàìbàì?

BALKIS: Wọ́n fẹ́ ra gíláàsì fún yín.

MÀMÁ: Sún mọ́ mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kó má jáde nílé o. Mo rí àpò yẹn kedere. Ó ní sípù góòlù méjì. Kò ya níbì kankan. Kì í ṣe ojú bàìbàì ló gbé e.

BALKIS: Kí ló wá gbé e?

MÀMÁ: Ojúkòkòrò.

BALKIS: (ó fò sókè) Yé! Kòkòrò wọ ojú yín?

MÀMÁ: Balkis…

BALKIS: (ó ti gbé fóònù sétí) Dádì! Ẹ tètè máa bọ̀! Kòkòrò wà lójú Màmá! Bẹ́ẹ̀ ni, méjèèjì! Mò ń gbé wọn lọ sílé ìwòsàn báyìí!

Màmá wò ó títí. Ó dìde, ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ apá, ó yí ojú òṣùmàrè náà síta kó lè hàn dáadáa.

MÀMÁ: Ó yá, jẹ́ ká lọ. Ṣùgbọ́n tá a bá débẹ̀, jọ̀ọ́, má jẹ̀ẹ́ kí n jókòó ti obìnrin tó ni àpò onísípù góòlù yẹn. Ó ní bàtà tó bá àpò náà mu.